Kí Ẹsẹ̀ Tó Kanlẹ̀

3.

…débi pé mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó ti wọ́kà, irin tó fi ń kọ́ ìrìn, síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo wo ohun tí mo yà.

Obìnrin kan dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di irin mú.

Kò sí ìrìn kankan nínú fọ́tò yẹn. Ìdúró ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyàwó mi wò mí, òógùn ń dà á lójú. Ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́ ni, àbí kámẹ́rà ẹ?"

1.

Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ má bínú.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni ìyàwó mi. Láti àárọ̀ dalẹ́, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Àǹtí Fèrè. Èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀, tí mo bá fẹ́ kí inú bí i.

Alùpùpù gbá a níwájú géètì ilé ìwé. Egungun itan òsì dá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin síbẹ̀. Ọkùnrin tó gun alùpùpù yẹn wá bẹ̀ wá ní ilé ìwòsàn, òun àti ìyá rẹ̀. Ó sunkún títí, ìyàwó mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Èmi, onífọ́tò ni mí. Fọ́tò pélébé ni mò ń yà: ti ìwé ìrìnnà, ti káàdì ibi iṣẹ́, ti ìwé àṣẹ awakọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ ilé wa. Àga kan, aṣọ funfun kan lára ògiri, iná méjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ mi kò ju méjì lọ:

        Ẹ wo iwájú.

        Ẹ má mì.

2.

*[Ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù mi. Físíò ló kọ ọ́, ìyẹn obìnrin tó ń kọ́ ìyàwó mi ní ìrìn ní ilé ìwòsàn.]*

Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ya màdáámù ní fọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń rìn nínú ilé. Kó jẹ́ ibì kan náà ni ẹ ó ti máa yà wọ́n. Ó ti ń sú wọn. Wọ́n ní àwọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Tí wọ́n bá fojú ara wọn rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n dé, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ ṣeun sà.

*[Èsì mi.]*

Kò sí wàhálà rárá. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

2, àtúnṣe.

Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn.

4.

Mo tẹ gbogbo wọn jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ògiri kan náà. Wọ́kà kan náà. Aṣọ nìkan ló ń yí padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé aṣọ ló ń polówó.

Ìyàwó mi fi ìka kan wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìrẹsì.

"Èwo lo kọ́kọ́ yà?"

Mo nà án sí i.

"Èwo lo yà kẹ́yìn?"

Mo nà án sí i.

Ó kó gbogbo wọn jọ, ó yí wọn dojú délẹ̀, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ lé wọn lórí.

5.

ÀWỌN ÒWE TÍ ÀWỌN ÀLEJÒ GBÉ WÁ, ÀTI ÈSÌ ÌYÀWÓ MI

*Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.* Ará òkè ilé wa ló pa á.
"Ta ni ẹlẹ́dẹ̀?"

*Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.* Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀.
"Ejò ò ní itan, sà."

*Kò sóhun tó le tí kì í rọ̀.* Awakọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn.
"Irin."

*Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.* Ìyá mi.
"Ẹ ṣeun, mà." Nígbà tí ìyá mi ti sọ̀kalẹ̀ tán, tí ilẹ̀kùn ti pa dé: "Ba-ba-ba-ba-ba-ba-ba."

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín.

6.

*[Ohùn ìyàwó mi. Ó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ló wá fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.]*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sùn? Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ráyè.

Ó ti sú mi. Kì í ṣe ìrora o, ìrora ti di ara ilé. Wíwò yẹn ló sú mi. Tí mo bá dìde, ó ti gbé kámẹ́rà. Tí mo bá mí, ó ti gbé kámẹ́rà. Mo ní kó wá dì mí mú kí n lè yí sọ́tùn-ún, ó ní, "Dúró, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yẹn dáa."

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yẹn dáa!

Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wo ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n bá ń sáré. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ á ṣubú. Ní báyìí, ẹsẹ̀ yìí nìkan ni gbogbo ilé ń wò.

Ó dàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.

7.

ÌKÉDE LÁTI ILÉ ÌKÀWÉ ÀDÚGBÒ

ÌLỌSÍWÁJÚ: FỌ́TÒ LÁTINÚ ÌGBÉ AYÉ OJOOJÚMỌ́

Ẹ fi fọ́tò kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí wa, èyí tó fi hàn pé nǹkan ń lọ síwájú. Kò di dandan kó jẹ́ nǹkan ńlá. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tàbí koríko tó là láàárín símẹ́ńtì.

Kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yà á.
Kí ẹ má fi ẹ̀rọ tún un ṣe.
Kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti gbà pé kí ẹ fi ránṣẹ́.

A ó tẹ èyí tó bá gbégbá orókè ní títóbi, a ó sì gbé e kọ́ sára ògiri wa tó kọjú sí títì.

7, ẹ̀yìn ìwé.

Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo ka ìlà kẹta náà.

8.

Mo gbé kámẹ́rà jáde. Ṣé kì í ṣe pé kí nǹkan máa lọ síwájú ni? Títì kún fún un.

Mo ya bọ́ọ̀sì tó ń sáré. Ó jáde bíi bọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà.

Mo ya ọmọdé tó ń sáré lọ sí ilé ìwé. Ẹsẹ̀ kan lókè, ẹnu yíyà. Bíi pé ẹ̀gún gún un.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí àwọn bíríkìlà ṣe rí kámẹ́rà báyìí, gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sídìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ilé náà dúró lẹ́yìn wọn bí àna tí wọn ò kí.

Mo rí bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù gun òkè. Mo lúgọ. Mo tẹ ojú mọ́ kámẹ́rà. Bàbá náà dúró, ó fi itan gbé kẹ̀kẹ́ ró kó má baà padà sẹ́yìn, ó wá pariwo:

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé kámẹ́rà yẹn ló máa bá mi tì í?"

Mo lọ bá a tì í. Mi ò ya fọ́tò kankan lórí òkè yẹn. Nígbà tí a dókè, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "O lágbára. Kí lo wá ń fi nǹkan kékeré yẹn ṣe?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ní kí àwọn èèyàn má mì. Mo rò pé mo lè fi fọ́tò kan ṣoṣo wẹ ara mi mọ́. Ẹyọ kan péré tí nǹkan máa *mì* nínú rẹ̀.

9.

Ọjọ́ Ẹtì, ó fi wọ́kà sílẹ̀.

10a.

Mo wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró, ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó tú ìkejì. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń yẹ̀. Mo ju kámẹ́rà nù, mo sáré, ọwọ́ mi dé ejìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti yá ju ọwọ́ mi lọ.

10b.

Mi ò ju kámẹ́rà nù. Okùn rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ọwọ́ mi kò dé ejìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sáré.

10d.

Inú kámẹ́rà ni mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Wọ́kà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dá dúró bíi géètì tí èèyàn jáde kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sí nílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fì síwájú, gèlè rẹ̀ ń já lọ. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mi ò ṣe rí i rí láti ọjọ́ alùpùpù.

Nínú kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó ń ṣubú.

Mo tẹ̀ ẹ́.

11.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n ti yà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí nìkan ló wúlò. Irin kò yẹ̀. Ọrùn ọwọ́ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Itan náà wú.

Físíò fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "A máa padà sẹ́yìn díẹ̀, mà."

Ìyàwó mi ní, "Díẹ̀ báwo?"

Físíò ń ká aṣọ tó máa fi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sílé, ìyàwó mi kọjú sí fèrèsé.

"Fọ́tò tóo yà yẹn. Pa á rẹ́."

Mo ní, "Ó dáa."

11, àlàyé.

"Ó dáa" kì í ṣe "mo ti pa á rẹ́." Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

12.

*[Ọ̀rọ̀ tó wọlé láti ilé ìkàwé.]*

Ẹ kú oríire, sà! Àwọn adájọ́ fẹnu kò lórí fọ́tò yín láìjanpata. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ rèé: "Ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe fi ohun tó ń gbé e ró sílẹ̀ sẹ́yìn, tó ń tẹ̀síwájú láìbẹ̀rù." Omijé lé ròrò sójú òmíràn. A ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Yóò gba gbogbo ògiri.

13.

Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sùn.

Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún un ní ọjọ́ Àìkú. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kí n má bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà ilé ìkàwé ni wọ́n gbà.

14.

*[Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lórí fóònù. Aránṣọ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gún bí abẹ́rẹ́ rẹ̀.]*

"Mò ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró.' Mo rò pé itan ló ń dùn ún. Mo dúró. Ó ń wo ògiri. Èmi náà wo ògiri. Àbúrò mi ga tó ilé, ó ń ṣubú, ẹ wá kọ 'Ìlọsíwájú' sábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ̀yin àna wa, àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àbúrò mi kì í ṣe ọmọdé. Ó ṣubú, ó wò yíká. Ta ló rí? Onífọ́tò."

15.

*[Ohun tí a sọ ní ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà nínú yàrá, ó ń di báàgì.]*

ÒUN: O ní o ti pa á rẹ́.

ÈMI: Mo ní ó dáa.

ÒUN: Kí ló dáa?

ÈMI: Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀. O ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ò ń tẹ̀síwájú.

ÒUN: Mi ò tẹ̀síwájú. Mo tẹ̀        síwájú. *(Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú àlàfo yẹn láàárín.)* Bí igi tí wọ́n gé ṣe ń tẹ̀. Ṣé o rí ìyàtọ̀ ẹ̀?

ÈMI: Ojú ẹ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ kóo rí i bí mo ṣe rí i.

ÒUN: Ojú mi mọ́lẹ̀ torí mo rò pé o máa gbá mi mú. Mo ti rí ẹ níwájú mi. Mo ní, ọkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, kí n tú ọwọ́ sílẹ̀ wò.

ÈMI: Mo na ọwọ́.

ÒUN: Mo gbọ́ kámẹ́rà kí n tó gbọ́ ilẹ̀.

ÈMI: Mo na ọwọ́ sí ẹ.

ÒUN: Ọwọ́ wo?

ÈMI:

ÒUN: Ọwọ́ wo lo nà? Torí ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń di kámẹ́rà yẹn mú. Ìwọ lo kọ́ mi.

ÈMI:

Ẹ̀GBỌ́N *(láti inú yàrá)*: Aṣọ tó nípọn dà? Ilé mi máa ń tutù láàárọ̀.

16.

O dúró lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mú báàgì àti wọ́kà lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbá ìyàwó ẹ níbàdí mú. O ní, "Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́." O tẹ̀ lé wọn bí ajá tó jẹ ẹran olówó ẹ̀. Níbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìyàwó ẹ yíjú padà, o rò pé ó fẹ́ sọ ohun kan.

Ó ní, "Oògùn mi wà lórí fìríìjì."

O sáré lọ mú un wá. O sáré dáadáa.

17.

*[Ilé ìkàwé. Èmi àti obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó tún gbé omi wá. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira.]*

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́.

OBÌNRIN: Kí ló dé, sà? Ṣé wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáa ni?

ÈMI: Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáa. Ìyàwó mi ò fẹ́.

OBÌNRIN: Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n gbà.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

OBÌNRIN: Ṣé wọn ò wá gbà mọ́ ni?

ÈMI: Kò gbà rí, mà.

*(Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó gbé e sára ife omi.)*

OBÌNRIN: Sà, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ni ògiri. Ìgbìmọ̀ ló máa jókòó lé e lórí. Mo máa sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀: bàbá kan wà tó máa ń ti ọmọ ẹ̀ wá nínú kẹ̀kẹ́ arọ. Ọmọ ọ̀hún á ní kí bàbá òun dúró síbẹ̀. Wọ́n á wò ó títí. Lánàá, ọmọ yẹn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Obìnrin yìí, níbo ló dé báyìí?"

ÈMI: Kí lẹ sọ fún un?

OBÌNRIN: Mo ní ó ti dé ibi tó ń lọ.

18.

Mo kọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Mo rò pé á rọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Èsì rẹ̀:

*Ṣé kí n wá máa ṣubú fún wọn lójoojúmọ́ ni?*

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀:

*Ọmọ ọdún mélòó ni?*

Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè. Mo kọ̀wé padà pé mi ò mọ̀.

19.

OHUN TÍ MO GBỌ́ LẸ́NU ÀWỌN TÓ DÚRÓ WO ÒGIRI (mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà ní òdìkejì títì, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí)

"Ijó ló ń jó."

"Rárá o, ó ń sáré lọ bá ẹnì kan."

"Ta ló ya èyí? Ó gbọ́n o."

"Ó yẹ kí ẹnì kan dì í mú."

Ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé báàgì ìwé ló sọ èyí tó kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ ká lọ, o ti pẹ́." Wọ́n lọ.

20.

*[Ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Físíò.]*

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ní kí n sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé inú yín á dùn: màdáámù ti fi wọ́kà sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pá ni wọ́n ń lò báyìí. Àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, wọ́n gùn ún lánàá láìsinmi. Ẹ dákun, ẹ má ṣèyọnu lórí fọ́tò mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Èmi náà rí i pé ara wọn ń yá sí i láti ìgbà tí a ti pa á tì.

20, èsì tí mo kọ tí mi ò fi ránṣẹ́.

~~Inú mi dùn.~~

~~Inú mi dùn gan-an. Ẹ bá mi kí i.~~

~~Báwo ló ṣe gùn ún? Ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé? Ṣé ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú? Ṣé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dókè? Ta ló wà níbẹ̀?~~

~~Ta ló wà níbẹ̀?~~

21.

Ọkùnrin kan wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ó fẹ́ lọ sí ìlú mìíràn lọ ṣiṣẹ́. Ó ti wọ kóòtù tó yá lọ́wọ́ ẹni tó sanra jù ú lọ. Mo ní kó wo iwájú, kó má mì.

Ó mì. Mo tún un yà. Ó tún mì.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé o ò lè dúró ni?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú oníbàárà. Ọkùnrin náà dìde, ó bọ́ kóòtù, ó lọ bu omi wá fún mi láti inú garawa tí mo fi ń fọ ọwọ́. Mo mu ún.

22.

Ọjọ́ tí mo lọ sí ilé Ẹ̀gbọ́n, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo bá a. Kò gbé orí sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kò sí nílé."

"Níbo ló lọ, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó rìn jáde."

"Òun nìkan?"

Ẹ̀rọ náà dúró. Ó fi eyín gé òwú.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin àna wa. Ìbínú mi ti ń tán, n ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣe é láti pa á lára. Tirẹ̀ ni mi ò mọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ yín ní rere, kì í sọ ọ́ ní búburú. Ó kàn ń rìn. Tó bá ti jẹun àárọ̀, ó ti jáde nìyẹn. Mo bi í pé níbo lò ń lọ, ó ní òun ń lọ síwájú ilé. Ó dé 'iwájú ilé' yẹn, ó di ọ̀sán kó tó dé."

"Ṣé kí n dúró dè é?"

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àga wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbé aṣọ oníbàárà kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó."

Mo dúró dè é. Ọ̀sán pọ́n. Kò dé. Mo padà sílé.

23.

Ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé jókòó. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn mi. Wọ́n ní àwọn á tún jókòó.

24.

*[Ohùn ìyàwó mi. Èmi gan-an ló fi ránṣẹ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìró títì wà nínú rẹ̀, àti ìró ọ̀pá.]*

Mo kọjá níwájú ògiri yẹn láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ni mo fi dé ibẹ̀. Mo dúró sábẹ́ ẹ̀, orí mi ò dé orúnkún ara mi. Àwọn kan wà níbẹ̀, wọ́n wo èmi, wọ́n wo fọ́tò. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Ọ̀kan ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún díẹ̀, òun fẹ́ fi fóònù yà á.

Mo sún fún un.

Inú ń bí mi síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kóo rò pé inú ò bí mi mọ́.

Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ó lè jẹ́ pé mo kàn máa kó ìyókù aṣọ mi. Tí mo bá débẹ̀ ni mo máa mọ̀. Má wá pàdé mi lójú ọ̀nà. Má gbé nǹkan kan dání.

25.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Kámẹ́rà wà nínú ilé.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Títì wa gùn, ó tọ́, kò ní igi. Oòrùn ọ̀sán ti mú kí ọ̀dà rẹ̀ máa gbọ̀n bí omi. Ìyẹn ni mo fi kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe òun. Mo wá rí ọ̀pá.

Ó jìnnà púpọ̀, lẹ́bàá oríta. Mo mọ aṣọ náà. Mo mọ bó ṣe ń gbé orí. Mi ò mọ ìrìn yẹn. Ìrìn tuntun ni, kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Ó sọ pé kí n má wá pàdé òun. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Ọwọ́ mi ṣófo, mi ò mọ ibi tí mo lè kó o sí.

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá láàárín wa, eruku bo gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo tún rí i. Ó ti yí padà, àbí kò yí padà? Láti ibi tí mo wà, ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ, bákan náà ni wọ́n rí. Ejìká kan á lọ sókè, ejìká kan á sọ̀kalẹ̀.

Mi ò pè é.

Mò ń wò ó bóyá ó ń tóbi sí i.